Ẹ Béèrè, A Ó Fèsì: Àwọn Libertarian, Ogun Òkèèrè àti Títún Ìlú Kọ́

Nínú ìwé ìròyìn wa tó jáde kẹ́yìn, a sọ ọ́ ní ìpínrọ̀ kan péré pé àwọn tí wọ́n ń pè ní libertarian ní Amẹ́ríkà, ìyẹn àwọn tó fẹ́ kí agbára ìjọba kéré, lòdì sí ogun Ìráàkì, wọ́n sì tún lòdì sí owó tí ìjọba wọn ná láti tún ilẹ̀ náà kọ́ lẹ́yìn ogun. Ìpínrọ̀ kékeré yẹn ló bí àwọn lẹ́tà tó wà nísàlẹ̀ yìí. A gé díẹ̀ kúrò nínú àwọn tó gùn jù, a kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè láti Ìbàdàn: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú wa. Ohun tí èmi mọ̀ nípa àwọn libertarian ni pé wọn kò fẹ́ kí ìjọba gba owó orí púpọ̀, wọn kò sì fẹ́ kí ó máa yọjú sí ọ̀rọ̀ òwò. Báwo ni irú wọn ṣe wá di alátakò ogun? Ṣé àwọn tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà rárá ni wọ́n ni?

Èsì: Ọ̀rọ̀ owó orí tí ẹ mẹ́nu bà yẹn gan-an ni ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá gbà pé ìjọba kò ní ẹ̀tọ́ láti fi agbára gba owó lọ́wọ́ ará ìlú kí ó lè fi ṣe ohun tó bá wù ú, kò lè yí padà kí ó ní kí ìjọba kan náà fi owó yẹn ra bọ́ǹbù tí yóò jù sí ìlú tí ẹni tó san owó náà kò dé rí. Wọ́n gbà pé kò sí ohun tó ń fún ìjọba lágbára lórí àwọn ènìyàn rẹ̀ tó ogun: owó orí a gòkè, bí ogun bá sì parí, kì í bọ̀ wálẹ̀ dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀, oníwèé-ìròyìn a máa ṣọ́ ẹnu, òfin a máa kó ọ̀dọ́ wọ iṣẹ́ ológun. Randolph Bourne, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó kú ní 1918, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ogun ni ìlera ìjọba. Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe libertarian, ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn kì í wọ́n lẹ́nu wọn.

Wọn kì í ṣe ẹni tí kì í jà. Bí ọ̀tá bá wá ká wọn mọ́lé, wọ́n gbà pé ẹ̀tọ́ ẹni ni láti gbèjà ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni kí a kọjá odi ìlú wa lọ máa tún ìlú ẹlòmíràn tò. Èrò náà ti pẹ́. Richard Cobden àti John Bright, àwọn méjèèjì tí wọ́n jà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí ìjọba fi fagi lé òfin tó ń dènà ọkà ilẹ̀ òkèèrè ní 1846, ni wọ́n tún dìde tako ogun Crimea. Nígbà tó di 1857, Cobden mú àbá wá láti bá ìjọba wí nítorí bí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣe yìnbọn lu ìlú Canton ní Ṣáínà. Àbá rẹ̀ borí nílé aṣòfin, ìjọba pe ìdìbò tuntun, òun àti Bright sì pàdánù ìjókòó wọn. Ní ayé tiwa, Ron Paul láti ìpínlẹ̀ Texas wà lára àwọn mẹ́fà péré nínú ẹgbẹ́ Republican tí wọ́n dìbò tako ogun Ìráàkì nílé aṣojú-ṣòfin ní oṣù kẹwàá 2002. Ẹnu wọn kò kò tán o. Ní 2007, Randy Barnett, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ènìyàn lè jẹ́ libertarian kí ó sì fara mọ́ ogun náà, àwọn tó bínú sí i láàárín wọn kò sì kéré.

Ìbéèrè láti Abẹ́òkúta: Bí títún ìlú onílùú kọ́ bá burú tó bí wọ́n ṣe wí, kí ni wọ́n fẹ́ sọ nípa Jámánì? Ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ ni pé owó Marshall ló gbé e dìde.

Èsì: Ìbéèrè yìí ni àwọn alátakò wọn máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n, wọ́n sì ti ní èsì rẹ̀ lọ́wọ́. Ní oṣù kẹfà 1947 ni George Marshall, akọ̀wé ìjọba Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, kéde ètò owó ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Láàárín 1948 sí 1952, nǹkan bíi bílíọ̀nù 13 dọ́là ni wọ́n pín fún orílẹ̀-èdè 16 ní Yúróòpù. Ohun tó kan Jámánì ìwọ̀-oòrùn níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.4, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà ju bílíọ̀nù 3 lọ. Wọ́n wá ń béèrè pé bó bá jẹ́ owó ló ń gbé ìlú dìde, èé ṣe tí ẹni tó gba ìlọ́po méjì fi ń rá pálá nígbà tí ẹni tó gba díẹ̀ ń sáré?

Ludwig Erhard, tó ń darí ètò ọrọ̀ ajé Jámánì ìwọ̀-oòrùn nígbà náà, ni wọ́n máa ń gbóríyìn fún. Ìjọba Hitler ti dá iye lé ọjà láti 1936, àwọn tó ṣẹ́gun Jámánì kò sì mú àṣẹ náà kúrò. Ìsọ̀ ṣófo, owó Reichsmark kò níyì mọ́, sìgá ni wọ́n ń ná bí owó, àwọn ará ìlú ńlá sì ń gbé ohun ìní wọn lọ sí abúlé láti fi ṣe pàṣípààrọ̀ oúnjẹ. Ní ọjọ́ Àìkú, ogúnjọ́ oṣù kẹfà 1948, owó tuntun, Deutsche Mark, jáde. Ogójì mark ni wọ́n kọ́kọ́ kà lé ẹnìkọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, Erhard sì mú àṣẹ iye kúrò lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjà. Kò pẹ́ rárá tí ọjà táwọn oníṣòwò ti kó pamọ́ fi yọjú sórí àtẹ.

Mo gbà pé àlàyé yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń sáré kọjá. Owó tuntun yẹn kì í ṣe owó Erhard. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, inú àpótí ni wọ́n kó o sí tí wọ́n fi gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi ní bòókẹ́lẹ́, òfin àwọn ọmọ ogun tó gba ilẹ̀ náà ni wọ́n sì fi gbé e jáde. Bí àwọn àlejò náà kò bá kọ́kọ́ yí owó padà, àṣẹ tí Erhard mú kúrò ì bá má fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ọjà nìkan ló tún Jámánì kọ́ kò tíì sọ ìtàn náà tán, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ní owó Marshall nìkan ni.

Ìbéèrè láti Houston: Olóòtú, Amẹ́ríkà ni mo ti ń san owó orí, mo sì mọ̀ pé díẹ̀ nínú rẹ̀ bá ti Ìráàkì lọ. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni wọ́n fi owó náà ṣe? Àti pé bí àwọn libertarian bá ní kí ìjọba má ṣe é, ta ni wọ́n fẹ́ kó tún ìlú tí ogun ti wó kọ́?

Èsì: Ìjọba Amẹ́ríkà yan olùyẹ̀wò pàtàkì kan, Stuart Bowen, láti tọpa owó náà. Ìròyìn tó fi kádìí iṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù kẹta 2013 sọ pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 60 dọ́là ni wọ́n ná, ó kéré tán, bílíọ̀nù 8 nínú rẹ̀ sì ṣòfò. Èyí tí kì í kúrò lọ́kàn mi ni ti omi ìdọ̀tí Fallujah. Ogun ba ìlú náà jẹ́ ní 2004, Amẹ́ríkà sì gbà láti kọ́ ibi tí wọn yóò ti máa sẹ́ omi ìdọ̀tí gbogbo ìlú mọ́, mílíọ̀nù 32.5 dọ́là ni wọ́n fojú bù ú sí. Wọ́n ń gbẹ́ ojú títì káàkiri nígbà tí ìbọn ṣì ń dún. Nígbà tí àwọn olùyẹ̀wò lọ wò ó ní 2008, páìpù ńláńlá wà nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sí ilé kan ṣoṣo tí wọ́n so mọ́ ọn. Ìgbà tó fi máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, owó rẹ̀ ti di nǹkan bíi mílíọ̀nù 108, ilé tó sì ń lò ó kò ju nǹkan bíi 9,000 lọ. Ní Khan Bani Saad, ní ìpínlẹ̀ Diyala, mílíọ̀nù 40 dọ́là ni wọ́n kó sórí ọgbà ẹ̀wọ̀n tí ẹlẹ́wọ̀n kankan kò sùn sí rí. Iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ Ìráàkì fúnra rẹ̀ ní òun kò ní parí rẹ̀, òun kò sì ní lò ó. Ti Afghanistan burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n ra ọkọ̀ òfuurufú akẹ́rù ogún fún àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ náà, ètò yẹn jẹ tó mílíọ̀nù 549 dọ́là, nígbà tó sì di 2014, wọ́n wó mẹ́rìndínlógún nínú wọn, wọ́n tà wọ́n ní irin àlòkù ní nǹkan bíi 40,000 dọ́là.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ka èyí sí olè jíjà lásán. Christopher Coyne, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì George Mason ní Virginia, ní bí gbogbo òṣìṣẹ́ tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́, iṣẹ́ náà kò ní yọrí sí rere. Ọ̀rọ̀ Friedrich Hayek, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ló dúró lé: Hayek kọ ọ́ ní 1945 pé ìmọ̀ tó ń mú ọjà àti ìlú rìn kò sí lọ́wọ́ ẹnì kan, àti pé ó fọ́n ká sórí àìmọye ènìyàn, tí oníkálukú mọ ìwọ̀nba tó kan òun. Àwa náà sọ pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Paul Bremer, tí Amẹ́ríkà rán lọ ṣàkóso Ìráàkì, pa àṣẹ méjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó dé Baghdad ní oṣù karùn-ún 2003: èkínní lé àwọn àgbà ẹgbẹ́ Baath, ẹgbẹ́ òṣèlú Saddam Hussein, kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, èkejì tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ká. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, àwọn tí wọ́n ju 300,000 lọ, tí wọ́n mọ ìbọn í yìn, di aláìníṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà sí àdúgbò kan ní Baghdad ì bá ti sọ ibi tí ìyẹn yóò já sí. Ohun kejì ni pé ẹni tó pàṣẹ kì í jìyà àṣìṣe rẹ̀. Aládàáni tó bá kọ́ ilé tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbé yóò jẹ gbèsè. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Diyala ti padà sílé, owó oṣù rẹ̀ sì ń wọlé.

Ibi tí mo ti rò pé wọ́n ń yẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nìyí. Ìjọba Bremer kan náà ṣí ilẹ̀ Ìráàkì sílẹ̀ fún àwọn olówó ilẹ̀ òkèèrè, ó sì fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe òpin owó orí, ohun tí àwọn alágbàwí ọjà ti ń tọrọ tipẹ́. Bí a bá bi àwọn libertarian, wọ́n á ní kì í ṣe ọjà nìyẹn, nítorí pé ìbọn ló gbé e wọlé, owó ìjọba ni àwọn agbaṣẹ́ṣe sì ń pín. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èrò tó bá ń rí ọ̀nà yọ ara rẹ̀ nígbàkígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ yẹ kí a máa fi ojú kejì wò ó.

Ní ti ẹni tí yóò tún ìlú kọ́, Somaliland ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Ìjọba Siad Barre, tó ń ṣàkóso Somalia, ti fi bọ́ǹbù wó Hargeisa, olú ìlú ibẹ̀, ní 1988; nígbà tí ìjọba náà ṣubú ní 1991, àwọn ará àríwá yà kúrò lára Somalia. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1993, àwọn àgbà ìdílé pàdé ní ìlú Borama, wọ́n sì jókòó fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn ará ìlú fúnra wọn ló bọ́ ìpàdé náà ní èyí tó pọ̀ jù, ibẹ̀ ni wọ́n ti yan Mohamed Ibrahim Egal ṣe olórí, tí wọ́n sì ṣètò ìgbìmọ̀ àwọn àgbà sínú ìjọba. Owó tó ń wọlé ní èbúté Berbera àti èyí tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, ní Mogadishu, níbi tí àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ti Amẹ́ríkà wà, ọmọ ogun Amẹ́ríkà 18 kú nínú ìjà kan ṣoṣo ní oṣù kẹwàá. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dùn ní Somaliland: wọ́n tún bá ara wọn jà láti 1994, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kò sì tíì gbà wọ́n wọlé. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́ ṣì dúró.

Ìbéèrè láti Ìsàlẹ̀ Èkó: Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá fi àgbá lu Èkó ní 1851, ṣé àwọn Cobden yẹn wí nǹkan kan?

Èsì: Wọ́n ti sọ tiwọn kí ọkọ̀ náà tó dé. Ní oṣù kẹta 1850, William Hutt, tí òun náà jẹ́ alágbàwí òwò tí kò ní ìdíwọ́, dá a lábàá nílé aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n kó àwọn ọkọ̀ ogun tó ń ṣọ́ etíkun wa nítorí òwò ẹrú kúrò. Ó ní ìṣọ́ náà kò dá òwò ẹrú dúró, pé ṣe ló ń mú kí àwọn olówò ẹrú túbọ̀ ṣe ìkà sí àwọn tí wọ́n dì sínú ọkọ̀. Cobden fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n àbá náà ṣubú. Ẹ mọ ohun tó tẹ̀lé e: wọ́n kọ́kọ́ kọlu Èkó ní oṣù kọkànlá 1851, wọ́n sì padà sẹ́yìn, ní ìparí oṣù kejìlá, wọ́n tún padà wá, Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, sá, ó sì gba Ẹ̀pẹ́ lọ, Akíntóyè padà sórí oyè, ó sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ kìíní ọdún 1852. Ní oṣù kẹjọ 1861, Dòsùnmú, ọmọ rẹ̀, fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ọkọ̀ ogun Prometheus dúró sínú ọ̀sà.

Bí libertarian bá ka ìtàn yìí, kò ní yà á lẹ́nu rárá. Láti orí “a wá dá òwò ẹrú dúró” dé orí “tiwa ni ilẹ̀ yìí”, kò pé ọdún mẹ́wàá. Síbẹ̀, àwa ọmọ Yorùbá kò lè sọ ọ́ bí ẹni pé àlejò kàn dédé wá fúnra rẹ̀ ni. Akíntóyè fúnra rẹ̀ ló ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá. Samuel Àjàyí Crowther, tí wọ́n ti tà lẹ́rú rí, rìnrìn-àjò dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1851, ó sì rọ ìjọba ibẹ̀ kí wọ́n gbé ìgbésẹ̀ lórí Èkó. Ó ṣòro fún mi láti jókòó sí ilé mi lónìí kí n máa sọ fún Àjàyí pé kò yẹ kí ó bẹ ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè láti Malanville, ní Benin: Ní 2023, ECOWAS ti bodè mọ́ Niger, ogun kò sì ṣẹlẹ̀. Ṣé àwọn libertarian ka ìyẹn náà sí títọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ onílùú?

Èsì: Bẹ́ẹ̀ ni, bí a bá tẹ̀lé ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn ológun gba ìjọba ní Niamey ní ọjọ́ 26 oṣù keje. Ní ọjọ́ 30, ECOWAS, tí Ààrẹ Tinubu ń ṣe alága rẹ̀ nígbà náà, fún wọn ní ọjọ́ méje, wọ́n ti bodè, Nàìjíríà sì gé iná mànàmáná tó ń bá wọn pín. Ilé Aṣòfin Àgbà ní Àbújá kò fara mọ́ lílo ọmọ ogun. Àwọn tó gbé ọkọ̀ ẹrù wọn dúró ní ìlú yín mọ̀ ju èmi lọ pé ata àti àlùbọ́sà kì í dúró de ìpàdé àwọn olórí. Nígbà tí ECOWAS mú ìjẹniníyà náà kúrò ní oṣù kejì 2024, àwọn ológun ọ̀hún ṣì wà lórí àga, ìjọba wọn kò sì ṣí bodè tiwọn sí Benin.

Ìbéèrè láti Ilé-Ifẹ̀: Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Bí wọ́n bá ń gé ọwọ́ ọmọdé ní orílẹ̀-èdè tó wà nítòsí wa, ṣé kí a máa wò ni?

Èsì: Òwe náà ní kí a sọ fún un, ẹ̀kọ́ àwọn libertarian sì dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Sierra Leone, tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró, lẹ ní lọ́kàn, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí a lè fi òwe kan parí. Ogun bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1991. Ní 1995, ìjọba wọn háyà iléeṣẹ́ àwọn ológun aládàáni kan láti South Africa, Executive Outcomes, iléeṣẹ́ náà sì lé àwọn ọlọ̀tẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn libertarian kan fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí, nítorí pé ẹni tó nílò ààbò ló sanwó rẹ̀. Iléeṣẹ́ náà lọ ní oṣù kìíní 1997. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, àwọn ológun ti gba ìjọba. Àwọn ọmọ ogun ECOMOG, tí Nàìjíríà ṣáájú, ló lé wọn kúrò ní 1998. Nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ya wọ Freetown ní ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní 1999, tí wọ́n ń sun ilé, tí wọ́n sì ń gé ọwọ́ ènìyàn, ECOMOG náà ló tún tì wọ́n jáde. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dé ní oṣù karùn-ún 2000, ìjọba Sierra Leone sì kéde pé ogun parí ní oṣù kìíní 2002.

Ibí ni èmi àti àwọn libertarian ti pínyà. Ẹni tó bá ní kò yẹ kí ọmọ ogun kankan wọ Freetown ní oṣù yẹn ní ohun púpọ̀ láti ṣàlàyé fún àwọn tí ọwọ́ wọn ṣì wà lára wọn nítorí pé àwọn ọmọ ogun dé. Ṣùgbọ́n n kò ní lo Sàró láti fi gba ogun Ìráàkì láyè. Tejan Kabbah, ààrẹ tí àwọn ará ìlú dìbò yàn ní 1996, ló bẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́, iṣẹ́ tí wọ́n rán àwọn ọmọ ogun náà sì ní ibi tó mọ. Apá kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn libertarian tí kò ṣeé gbé sọnù, ó sì kan ilé tiwa. Ìjọba ológun Abacha ló dá ìjọba alágbádá padà sí Freetown ní 1998, nígbà tí MKO Abíọ́lá, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó borí nínú ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1993, wà ní àtìmọ́lé ní Nàìjíríà. Kò sí ẹni tó bi àwọn ọmọ Nàìjíríà bóyá wọ́n fẹ́ kí a ná owó wọn báyìí, ilé aṣòfin tí à bá ti bi wọ́n náà ni Abacha ti tì pa láti oṣù kọkànlá 1993.